Ara Mọ́tò Wa Gbóná, A Sì Lọ Ilé Àna

Saifudeen ọmọ mi, Àkànjí ọkọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé ní Àbújá níbẹ̀, kí ó bá ọ jẹun, kí ó bá ọ sùn, kí ó sì ṣáájú rẹ dé ibi iṣẹ́. Ṣé ara le? Bàbá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló kí ọ, àfi ìyá Asiyah tó ní o wálé ọdún Iléyá o kò yà kí òun. Mo ti bá ọ bẹ̀ ẹ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ìbùkúnọlá, ìyàwó tí o ní kí a lọ bá ọ tọrọ, lo fẹ́ gbọ́. Fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni n ó kọ́kọ́ sọ, nítorí mọ́tò ló gbé wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Mọ́tò búlúù bàbá rẹ, èyí tó dàgbà jù ọ́ lọ, ló bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bí ọkọ̀ bá ti pọ̀ lọ́nà Ọjà Akẹ̀sán báyìí, èéfín á máa rú níwájú rẹ̀ bí ẹni ń se ẹ̀wà. Mubaraq mẹkáníìkì wò ó, ó ní fáànù àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí ló ti rẹ̀, pé bí mọ́tò bá ń rọra lọ, fáànù náà á máa rọra yí, omi inú rédíétọ̀ kò ní í tutù. Ó ní kí a fi fáànù oníná sí i. Mo bi í pé tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Ó ní iná bátìrì ni yóò máa lò. Mo ní ó dára, kí ó má sáà fa wáyà rẹ̀ wá síbi mítà wa.

Ó gbé méjì wá kí a yan ọ̀kan. Ọ̀kan kéré, kò pariwo. Èkejì tóbi, ó ń bú bí ẹ̀rọ ìlọta. Bàbá rẹ ń wo kékeré, èmi ní ńlá ni, nítorí ohun tí kò pariwo, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Mubaraq wá fi kókó kan sí i, bíi ti rédíò, tí wọ́n fi ń sọ fún fáànù ìgbà tí yóò máa fẹ́. Ó ní bí ooru ẹ́ńjìnnì bá dé márùndínlọ́gọ́rùn-ún, kí fáànù bẹ̀rẹ̀, bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ sí àádọ́rùn-ún, kí ó sinmi. Àkànjí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Àádọ́rùn-ún! Ṣé o rántí ìgbà tí wọ́n wọn ibà Anas àbúrò rẹ, tó jẹ́ ogójì péré, tí nọ́ọ̀sì ń sáré kiri? Nọ́ọ̀sì yẹn ló sọ fún mi pé mẹ́tàdínlógójì ni ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Mubaraq ní, Ìyá, mọ́tò kì í ṣe èèyàn, ẹ́ńjìnnì tó bá tutù jù á máa mu epo ni, kì í sì í tọ́jọ́. Ó tilẹ̀ bi fóònù rẹ̀ léèrè, fóònù gbè é lẹ́yìn. Mo ní kí ló kan fóònù, ọmọ mélòó ni fóònù tọ́? Mo ní kí ó fi sí mẹ́tàdínlógójì. Ó wo bàbá rẹ. Bàbá rẹ ń wo òrùlé. Mubaraq bá fi í síbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni fáànù ti ń bú, kò sinmi. Lọ́jọ́ náà gan-an, tí í ṣe Sátidé, èmi, bàbá rẹ àti Alùfáà Shamsudeen ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọrí sí Ògbómọ̀ṣọ́. Epo tó yẹ kó gbé wa lọ kó gbé wa bọ̀, mọ́tò mu ún tán lójú ọ̀nà. Mo ní ẹ ra òmíràn sí i, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn ló máa ń jẹun bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìbùkúnọlá gbà wá sílé, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní oníṣọ́ọ̀ṣì làwọn, Mùsùlùmí ni wá, òun kò sì mọ ẹnikẹ́ni l'Ọ́yọ̀ọ́ tí òun lè bi pé irú èèyàn wo ni wá. Ọ̀rọ̀ dídùn tí Alùfáà sọ kò wọ̀ ọ́ létí. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò bàbá rẹ, síbẹ̀ fáànù ń bú níta. Bàbá Ìbùkúnọlá bi wá pé ta ló ń lọ ata lójúde òun. Mo ní mọ́tò wa ni, ó ń gba atẹ́gùn. Nígbà tó yá, ó ní òun á rò ó wò, kí a máa lọ ná. “Ẹ máa lọ ná” lẹ́nu bàbá ọmọ, ìwọ náà mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

A dé ìta, fáànù ti dákẹ́. Bàbá rẹ yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò ní kẹ́. Ó tún un yí, kẹ́ pàápàá kò jáde mọ́. Fáànù ti mu bátìrì gbẹ. Ni àwọn àna bá bọ́ sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n ń tì í, ìyá Ìbùkúnọlá tú gèlè so mọ́ ìdí. Mọ́tò kò jí. Bàbá Ìbùkúnọlá ṣí iwájú rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ó ní ó tutù, kí wá ni fáànù ń fẹ́? Mo kúnlẹ̀ ṣàlàyé mẹ́tàdínlógójì fún un. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, mo fi ti Anas kún un. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lára, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín títí di òní. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, ó ní obìnrin tí ara gbígbóná mọ́tò ń dùn tó báyìí kò ní í jẹ́ kí orí fọ́ ọmọ òun. Ó ní òun gbà!

Ó wá yọ bátìrì mọ́tò tirẹ̀ sínú tiwa, ó tú wáyà fáànù, ó ní afẹ́fẹ́ títì á tó o títí a ó fi délé. Ó ní òun kò tíì fẹ́ iṣu, òun kò tíì fẹ́ oyin, kí o kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ gbé bátìrì òun wá.

Mubaraq ti yí kókó náà padà sí márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Mọ́tò kò hó mọ́, epo rẹ̀ sì ti dín. Mo gbà fún un lórí ti mọ́tò. Ti ibà èèyàn, kí ó má dá sí i.

Nítorí náà, ọkọ mi, fi owó bátìrì tuntun ránṣẹ́ sí bàbá rẹ, tiwa kò gba iná mọ́, kí ìwọ náà sì tètè máa bọ̀ wá dá ti àna rẹ padà. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ẹni tó bá sì ń fẹsẹ̀ rìn máa ń ronú. Mi ò fẹ́ kó tún ọ̀rọ̀ yìí rò.

Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí o dákẹ́ lójú ọ̀nà. Wọn kò ní í tì ọ́ níwájú àna. Ilé tí o fẹ́ kọ́ pẹ̀lú Ìbùkúnọlá, ẹ̀rín ni yóò kún un. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Marufat