Lílọ àti Àbọ̀

Tinúkẹ́ ọmọ mi,

O ní ọ̀gá ilé iṣẹ́ yín dìde láàárín èrò, wọ́n sì kéde pé láti òní lọ, arúgbó kankan kò ní tò sórí ìlà mọ́ nílé ìwòsàn ojú, nítorí ìkànnì tí ẹ ṣe fún wọn yóò gbé dókítà wá sí àtẹ́lẹwọ́ wa. Mo ṣe àmín. Ara rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ìṣẹ́. Ní Igbó-Elérin níbí, a wà, àfi pé òjò wó ògiri Àsánì aládùúgbò wa, àgbò rẹ̀ sì ń wá jẹ ewúro mi.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò parí ìforúkọsílẹ̀ fún àwa tí awọ funfun bo ojú, ni mo bá gbé fóònù. Mo kọ orúkọ àti àìsàn mi tán, ojú ìwé tó tẹ̀ lé e ń béèrè ibi tí mo wà. Mo gbé e súnmọ́ ẹnu, mo ní ilé kejì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, kó béèrè Màmá Tíṣà. Ó ní òun fẹ́ lo kámẹ́rà mi. Mo ní ó ti bàjẹ́ láti ìgbà tí a fi ya fọ́tò ìsọmọlórúkọ rẹ. Ó wá ní kí n gba òun láàyè láti wo orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù mi.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n máa ń tọrọ àyè láti jáde lọ tọ̀. Kò sí èyí tó tọrọ àyè rí láti tú àpò mi wò kí n tó kọ́ ọ. Síbẹ̀, mo mú ìwé, mo lọ bi àwọn tó ni nọ́ńbà inú fóònù mi bóyá wọ́n gbà. Àmọ̀kẹ́ aránṣọ ní rárá, òun kò mọ̀ wọ́n rí. Àsánì ní, “Màmá, ẹ kàn tẹ ‘Mo gbà’ jàre, gbogbo ayé ló ń tẹ̀ ẹ́.” Mo ní abájọ tí àgbò rẹ̀ kì í fi í tọrọ àyè.

Ni mo bá tẹ ọfà tó ń múni padà sẹ́yìn. Ojú ìwé yẹn náà ló tún yọ sí mi, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ní ìgbà keje ó jẹ́ kí n padà, ṣùgbọ́n ó ti pa gbogbo ohun tí mo fi ojú kan ṣoṣo kọ rẹ́. Nínú kíláàsì mi, ọmọ tó jáde lọ tọ̀ yóò padà wá bá ìwé rẹ̀ lórí tábìlì bó ṣe fi í sílẹ̀. O mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ.

N kò ní tẹ̀ ẹ́. Kí ọ̀gá yín tún kéde. Ní Ọjọ́bọ̀, n ó mú bírò mi, n ó lọ tò sórí ìlà. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ láti Okokomaiko, lílọ àti àbọ̀, torí n kì í lọ síbi tí n kò ti ní lè padà.

Ọ̀nà tí o bá bá lọ, wàá bá a bọ̀ láyọ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní tì ọ́ mọ́ ilé tí o kò fẹ́ sùn sí.

Ìyá rẹ,
Abímbọ́lá.

Mo gbàgbé: bá mi bi ọ̀gá yín, ṣé ojú mi ni wọ́n fẹ́ wò ni, àbí ojú Àmọ̀kẹ́?