Ọmọ Kíláàsì Mi Mọ̀ọ́mọ̀ Fìdí Rẹmi Nítorí Oúnjẹ

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ àárọ̀ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, lásìkò tí a ń pín oúnjẹ, láti ìgbà náà n kò rí oorun gidi sùn. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Mo parí yunifásítì, mo sìnlú tán, iṣẹ́ kò yọjú, ni mo bá ń ṣe volunteer tíṣà ní ilé ìwé ìjọba kan níbí ní Abuja, lọ́nà Karu. Kíláàsì kẹta ni wọ́n fún mi. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ wà ní ilé ìwé wa, ṣùgbọ́n kíláàsì kìíní dé ìkẹta nìkan ló kàn. Tọ́mọ bá ti wọ kíláàsì kẹrin, ó parí nìyẹn... ojú fèrèsé ni wọ́n ti máa ń wo àwọn àbúrò wọn bí wọ́n ṣe ń jẹun. Ó máa ń dùn mí, àmọ́ mo ti jẹ́ kó mọ́ mi lára. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, ẹ jẹ́ ká pè é ní Bọ́sẹ̀. Ọmọ Okun ni wọ́n, ìyá ẹ̀ ń bá àwọn èèyàn fọṣọ. Bọ́sẹ̀ ló máa ń bá Mama Ladi, ìyá tó ń se oúnjẹ wa, pín ẹyin. Bí ẹyin kò bá kárí, á wo ìlà, á wo abọ́, á ní, "Mama, ẹ gé e sí méjì-méjì, ìdajì kan á ṣẹ́kù fún yín." Kì í tàsé. Mama Ladi á pariwo, "Kai! Accountant mi!" Ọjọ́rú yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ máàkì ìdánwò ìṣirò àṣekágbá ọdún wọn tán ni. Òdo ni Bọ́sẹ̀ gbà. Mo jáde síta, mo bá a níbi tó ti ń pín ẹyin bó ṣe máa ń pín in... ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Mo fà á sẹ́yìn kíláàsì, mo bi í pé kí ló dé. Kò sunkún, kò purọ́. Ó ní, "Aunty, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni mo sọ ọ́ lóòótọ́! Nígbà tí táàmù yìí bẹ̀rẹ̀, wọn kò kàwé, mo wá fi dẹ́rù bà wọ́n pé ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìṣirò, kíláàsì kẹta yìí náà ló máa padà jókòó sí. Bọ́sẹ̀ nawọ́, ó ní ṣé onítọ̀hún á ṣì máa jẹun? Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Mo ní, "Á máa jẹun títí á fi hewú ńbẹ̀!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ dẹ́rù ba ọmọ, àṣé ìlérí ni mo ṣe fún un...

Lánàá mo lọ bá ìyá ẹ̀. Mo rò pé á bínú sọ́mọ. Ó ń fọṣọ lọ ní tiẹ̀, ó ní òun kò rán an, àmọ́ òun kò ní bá a wí, pé n kò tíì rí ojú tọ́mọ náà fi máa ń wo òun nígbà ìsinmi tí oúnjẹ ilé ìwé kò sí. Ó wá wò mí láti òkè délẹ̀. "Aunty, ẹ̀yin náà kàwé tán, volunteer lẹ̀ ń ṣe. Ọdún kan péré lọmọ tèmi fẹ́ fi jẹun." Ṣé kò ta yín bó ṣe ta mí? Mo délé, mo sọ fáwọn òbí mi, dádì mi ní ọmọ tó lọ́pọlọ báyìí, tí mo bá dá a dúró, Ọlọ́run á bi mí. Màmá mi ní, "Daddy, iyán lẹ jẹ yó tẹ́ ẹ fi ń sọ bẹ́ẹ̀." Wọ́n fi mí sílẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn jà.

Mo rò ó pé kí n máa gbé oúnjẹ fún un láti ilé. Àmọ́ mo máa kúrò ńbẹ̀ lópin táàmù, ta ló máa wá máa gbé e? Àwọn tó kù ńkọ́? Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ti wá bi mí pé ṣé ẹnikẹ́ni lè repeat ni, àbí Bọ́sẹ̀ nìkan.

Mo sọ fún ẹ̀dìmásítà wa, ó ní ọwọ́ mi lọ̀rọ̀ wà, kí n tún ìdánwò náà ṣe fún un tàbí kí n fi òdo rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Ọjọ́ Ajé lòun máa gba result. Ó ti rẹ̀ mí. Ṣé kí n tì í lọ síbi tí ebi á ti máa pa á nítorí pé ó mọ̀wé? Àbí kí n fi F sí ọmọ tó mọ̀wé lọ́rùn kó lè jẹun? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ òbí, ẹ̀yin tíṣà, kí lẹ máa ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin? Ẹ má bú mi o. Bọ́sẹ̀ sáré wá kí mi láàárọ̀ yìí, ó ń fò sókè, inú ẹ̀ ń dùn... ó gbà pé òun ti fìdí rẹmi. Kí ni kí n sọ fún un lọ́jọ́ Ajé?