Òtẹ́ẹ̀lì Tí Wọ́n Ti Ń Ṣe Àìsùn Lójoojúmọ́

Kèrè, lẹ́yìn Mísà Ọjọ́ Ìsinmi

Léa, ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Kútọnu, mo kí ọ kú àfaradà àwa òbí rẹ. Bí o bá jí ire, àwa náà jí ire, àfi orúnkún mi tó máa ń ro mí bí òjò bá ti ń ṣú, àti ojú ìyá rẹ tí ìwọ náà mọ̀. Kí Màríà, Ìyá wa ti Àrígbó, fi aṣọ rẹ̀ bò ọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọ́ ní ibi sùn gbàgbé. Àmín. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí. Ewúrẹ́ dúdú tí o fẹ́ràn bí ìbejì, ṣùgbọ́n ó kọ ọ̀kan, ìyá rẹ ló sì ń fi ọwọ́ bọ́ ọ, àmọ́ ó ní láti kọ́kọ́ wá ẹnu ọmọ ẹran náà kiri bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko. Àwọ̀ funfun yẹn ti bo ojú ìyá rẹ méjèèjì. Dókítà sọ pé bí wọn kò bá ká a kúrò lóṣù tó ń bọ̀ ní Kútọnu níbẹ̀, ó lè má ṣeé ká mọ́.

Ọ̀rọ̀ ibi tí a máa sùn ni mo jókòó kọ. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí bí mo bá ti kí ọ tán ni owó inú rẹ̀ ń tán, Dorian awakọ̀ ló máa gbé lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ. Àwòrán òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ sí fóònù Ràsáàkì, tó ń ta bátìrì ní ọjà Dassa, ti dé ọwọ́ wa. O ní kí n yan ọ̀kan, torí pé yàrá kan ṣoṣo ni ìwọ àti àwọn ọmọbìnrin méjì ń gbé, ẹ sì ń pín ibùsùn náà sùn, ẹni kan dìde, ẹni kan sùn. Èyí kò yé mi tó. Ìwọ náà mọ̀ pé bí ọdún Ìgbàsókè Màríà bá dé, tí àwọn onírìn-àjò mímọ́ kún Dassa, yàrá wa ni wọ́n ń sùn, àwa a sì lọ tẹ́ní sábẹ́ igi máńgòrò. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ìyá rẹ ní kí n má kọ gbólóhùn yìí, pé á dùn ọ́. Mo ti kọ ọ́ ná.

Ràsáàkì ní ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ òtẹ́ẹ̀lì tó dára. Mo wò ó, lóòótọ́ ìràwọ̀ wà lábẹ́ orúkọ wọn, irú èyí tó máa ń wà léjìká àwọn sọ́jà. Èyí tí ìràwọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, ọ̀gá pátápátá nìyẹn, mo sì ní kí á fi sílẹ̀, torí mi ò lè máa bẹ́rí kí n tó sùn. Odò kan tún wà láàárín àgbàlá rẹ̀, ó búlúù bí aró. Nígbà tí a sọ ọ́ fún ìyá rẹ, ó bèèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí òun kọ́kọ́ rì kí wọ́n tó la ojú òun. Èkejì jìnnà, ó dákẹ́, ṣùgbọ́n ó wọ́n, torí wọ́n ní afẹ́fẹ́ tútù wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ọ̀ràn! Wọ́n ń ta afẹ́fẹ́! Bí wọ́n bá ń ra afẹ́fẹ́ orí òkè wa níbí, ṣé èmi náà á ṣì máa kọ ebè? Ìyá rẹ ní tirẹ̀ bi Ràsáàkì pé ta ni ìyá ẹni tó nilé, ṣé wèrè kò sí ní ìdílé wọn, ṣé wọn kì í jà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ìwádìí kí a tó fi ọmọ fún ilé ọkọ. Ràsáàkì kò mọ ọ̀kan. Ìyá rẹ ní ilé tí ẹnikẹ́ni kò mọ orírun rẹ̀, òun ò gbé orí òun lé ìrọ̀rí wọn.

Ó wá ku ẹ̀kẹta, èyí tí kò wọ́n, tó wà láàárín ìgboro, tí ìwọ fúnra rẹ fẹ́ kí á mú. Léa, jọ̀wọ́ jókòó kí o tó ka èyí. Àwọn tó ti sùn níbẹ̀ rí kọ ẹ̀rí wọn sábẹ́ àwòrán náà, Ràsáàkì sì ń kà á fún wa. Ẹni àkọ́kọ́ ní orin kò dá láti alẹ́ dé ìdájí. Ẹnì kejì ní wọ́n ń to tábìlì àti àga sójú títì, wọ́n ń tan iná oríṣiríṣi, ẹja yíyan, ọtí, ijó, lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ti Sátidé ló máa ń pọ̀ jù. Ẹlòmíràn ní nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, òun rí ọkùnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà tó ń sunkún, tó ń pe orúkọ obìnrin. Mo ní, ó tán! Àìsùn òkú ni! Kí ló tún lè jẹ́? Ta ló ń to àga sójú títì, tó ń jó di àfẹ̀mọ́júmọ́, bí kì í bá ṣe ẹni tó ń sin òkú? Àwa náà kì í sìnkú bí kò ṣe Sátidé. Ọkùnrin yẹn, ìyàwó rẹ̀ ló kú, kí Ọlọ́run tù ú nínú. Ohun tó dà mí lọ́kàn rú ni ti ojoojúmọ́ yẹn. Irú àjàkálẹ̀ àrùn wo ló wà ládùúgbò náà?

Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèyàn lè gba yàrá fún wákàtí kan péré. Mo rò ó títí, orí mi fẹ́ fọ́. Ta ló ń sùn fún wákàtí kan? Ìyá rẹ ló là á yé mi, ó ní àwọn tọkọtaya tó ń ṣọ̀fọ̀ ni, tí àárẹ̀ ti mú, wọ́n á wọlé lọ tu ara wọn nínú díẹ̀ kí wọ́n tó padà sídìí òkú. Bí mo ṣe sọ èyí fún Ràsáàkì, ó ní òun ń bọ̀, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, kò padà. Hàlímọ̀tù ìyàwó rẹ̀, tó ti gbé Kútọnu rí, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò gàrí, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo bá a wí, mo ní a kì í fi òkú ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, ó tún bú sẹ́rìn-ín.

Nínú ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́, o ní kí á má bẹ̀rù, pé àdúgbò yẹn gan-an ni o ti ń yan ẹja lálaalẹ́, àti pé wàá lè máa sáré wá wò wá. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà wá wọ̀ mí lára. Ṣé ọmọ mi ló ń bọ́ àwọn ọlọ́fọ̀! Ìdí nìyí tí o kò fi wálé ní Kérésìmesì, tí o kò wá nígbà tí Serge ẹ̀gbọ́n rẹ gbéyàwó, tí a tojú bọ ọ̀nà títí ọbẹ̀ fi kan. Mo ti ń bínú sí ọ tẹ́lẹ̀. Inú mi ti rọ̀ báyìí, òkú kì í fúnni ní ìsinmi. Mo sọ ọ́ fún Perpétue, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n sì dáwó jọ láti fi kí àwọn ọlọ́fọ̀, a ó gbé e dání wá. Mo bẹ Fadá pé kó bá wa ṣe Mísà fún ìsinmi ọkàn gbogbo òkú àdúgbò náà. Fadá bi mí pé àdúgbò wo, mo sọ ọ́. Ó wúkọ́, ó ní àwọn ará ibẹ̀ nílò àdúrà lóòótọ́.

Ìyá rẹ nìkan ló kù. Mo mọ̀ pé kò ní gbà. Èmi náà ní kí á kúkú jókòó sílé, ta ló ń la ojú láàárín òkú? Ó gbé ọmọ ewúrẹ́ yẹn lé itan, mo ṣe bí ó ti sùn ni. Àfi bó ṣe ní òun yóò lọ, ibẹ̀ gan-an ni òun yóò sì sùn, torí ibẹ̀ ni Léa wà. Ó ní òun kò bẹ̀rù òkú, òkú kò ṣe òun ní nǹkan kan rí. Ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni kí wọ́n tú aṣọ tí dókítà máa dì mọ́ òun lójú, kí ó jẹ́ ojú àlejò ni òun máa kọ́kọ́ rí. Nígbà tí o wálé gbẹ̀yìn, ojú rẹ̀ ti ṣú, ohùn rẹ nìkan ló gbọ́. Léa tó mọ̀ ni ọmọ ilé ìwé tí wọ́n gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo lọ wo iṣu lẹ́yìnkùlé, torí èmi kì í sunkún.

Nítorí náà, ẹ̀kẹta ni a mú. Bá wa gbà á, kì í ṣe ti wákàtí kan o. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù Ràsáàkì, kí o fi owó aṣọ dúdú méjì lé e, torí a kò lè wọ aṣọ aláràbarà láàárín àwọn ọlọ́fọ̀. Ìyá rẹ ń pariwo láti ìdí ààrò pé kí n pa tòun rẹ́, pé aṣọ búlúù Ìyá wa ni òun máa wọ̀ wá. Fi tèmi ránṣẹ́ ní tìrẹ.

Kí Ọlọ́run bùkún ọwọ́ tí o fi ń yan ẹja. Kí èéfín má ṣe ọ́ lójú. Kí ìwọ náà bí ọmọ tí yóò tọ́jú rẹ, kí ojú rẹ má fọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ má gbàgbé ọ̀nà Kèrè.

Ohun kan ló kù, kì í sì í ṣe owó. Bẹ ọ̀gá rẹ, bẹ àwọn ọlọ́fọ̀ pàápàá, kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa tú aṣọ lójú ìyá rẹ. Wá jókòó síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n má sọ̀rọ̀ rárá. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá òun á dá ọ mọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fidèle