Ìkẹ́dùn Lórí Dírẹ́bà, Tó Kọ́ Wa Bí A Ṣe Ń Sinmi

Sí Màmá wa, ìyàwó Dírẹ́bà, sí ọmọ wọn obìnrin, àti sí gbogbo ẹbí.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ tí a ò mọ ibi tí a máa gbé e sí ni àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Eré Ìdárayá Àwọn Tí Àrùn Iṣan Ń Bá Fínra fi gbọ́ pé Dírẹ́bà wa ti dákẹ́. Ẹ kú ará fẹ́ra kù.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ wọn wà, kó tó di pé ẹsẹ̀ wọn ò lágbára àtitẹ bíréèkì mọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé gbọ̀ngàn wa, ṣe ni wọ́n ń ṣeré ìdárayá bí ẹni ń bá ọkọ̀ mìíràn sáré. Bí olùtọ́jú tó ń darí wa bá ní ká fa rọ́bà tí a fi ń na apá, tiwọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Olùtọ́jú fara balẹ̀ ṣàlàyé pé iṣan tí àrùn yìí ti ń jẹ kì í fẹ́ agídí, pé bí a bá lò ó jù, ṣe ló máa bà jẹ́ sí i, àti pé ìdí tóun fi ń dúró tì wá nìyẹn. Dírẹ́bà ní, “Èmi tí mọ́tò kankan ò yà sílẹ̀ rí lójú títì, ẹ wá ní kí n páàkì?” Ẹ̀rín sọ. Ṣùgbọ́n wọ́n páàkì.

Ohun tí wọ́n kọ́ lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi ran ẹlòmíì lọ́wọ́. Tíṣà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àárín wa. Apá rẹ̀ rọ wálẹ̀ láàárín eré, ojú tì í, omi lé sójú rẹ̀, ó sì ń wá báàgì rẹ̀ kó lè máa lọ sílé. Dírẹ́bà, tí kò tíì rẹ̀ wọ́n rárá, sọ rọ́bà tiwọn sílẹ̀, wọ́n kígbe pé, “Ó ti rẹ̀ mí o! Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó, kó má baà jẹ́ èmi nìkan ni ọ̀lẹ.” Gbogbo wa la mọ̀ pé irọ́ ni. Tíṣà náà mọ̀. Ó jókòó tì wọ́n. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò tijú àtisinmi láàárín wa mọ́. Nígbà tí ọwọ́ Dírẹ́bà fúnra wọn ò gbé mọ́, Tíṣà ló ń bá wọn gbé e sókè.

Màmá, ẹ̀yin lẹ ń ti àga onítáyà wọn wá, nínú òjò àti nínú oòrùn. Ẹ máa ń ní ẹ ó jókòó síta, wọ́n á ní, “Ẹ bá mi mú ìyàwó mi wọlé. Bí kò bá wò mí, ta ni mo fẹ́ ṣe é fún?” A dúpẹ́ pé ẹ máa ń wọlé.

Ọmọ wa, ohun kan wà tí o lè má mọ̀. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀ lára tìẹ náà, ẹ̀rù àìsàn tiwọn ò ba bàbá rẹ mọ́. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé bí o bá ń wo àwọn, o lè rò pé ayé tìẹ ti parí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú ọ wá wò wá. À ń ju bọ́ọ̀lù rírọ̀ síra wa lọ́jọ́ náà, ó bà wọ́n níwájú orí, o sì bú sẹ́rìn-ín tí o ò lè dá a dúró. Nígbà tí o jáde lọ bu omi wá, wọ́n rọra sọ fún wa pé, “Ẹ ṣeun. Ó ti rí i pé èèyàn ń rẹ́rìn-ín níbí.”

A ó wà níbi ìsìnkú, àti àwa tá a ṣì ń rìn àti àwa tí wọ́n ń tì lórí àga. A ó máa yà kí Màmá nílé, kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí nìkan. Ọmọ wa, àyè rẹ wà láàárín wa, ìgbàkígbà tó bá wù ọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní fi ipá mú ọ.

Kí Ọlọ́run, tó mọ ibi tó ń dùn yín gan-an, fọwọ́ tù yín níbẹ̀. Kó jẹ́ kí Màmá rí oorun sùn, kó sì di ọmọ wa mú ní gbogbo ọ̀nà tó kù. Àmín.

Àwa ọmọ ẹgbẹ́, pẹ̀lú olùtọ́jú wa.