Èémí Inú Kẹ́ẹ̀gì fún Amọ̀ Tiwalọlá

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
Òde-Ayé.

Tiwalọlá ọmọ mi,

Ṣé o jí ire? Ṣé o ń jẹun? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí òjò wó ilé wa kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ ní Ìbàdàn. Ṣe àmín kí o tó ka èyí tó kù. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí o, n kò bẹ tíṣà kankan. Pírámárì mẹ́ta tí mo kà, mo kà á gan-an ni. Fóònù ti sú mi, torí ìdajì ọ̀rọ̀ tí a bá sọ síbẹ̀, ojú ọ̀nà Orè ló ń já sí.

Ilé dára. Ẹyìn so dáadáa, ewúrẹ́ mi bí ìbejì, ó sì jẹ ìdajì káàdì tí báǹkì fún mi. Mo mú ìdajì tó kù lọ sí Òkìtìpupa, mo ní kí wọ́n fún mi ní ìdajì owó mi, ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. N kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ amọ̀ rẹ ni kò jẹ́ kí n sùn. Níjọ́ tí o fi ẹkún pè mí, ohun tí mo gbọ́ kó tó já ni pé amọ̀ tí ẹ ń lò ní yunifásítì ní abala bí ìwé, abala kan lórí ìkejì, ó sì pa ara rẹ̀ dé. O ní ẹ ń mú irú atẹ́gùn tí ènìyàn ń mí síta, ẹ ń kì í mọ́ inú ìkòkò irin, ẹ ń fún un, ẹ ń mú un gbóná, títí kò fi ní jẹ́ atẹ́gùn mọ́, kò sì ní tíì di omi. Á wọ àárín àwọn abala náà bí atẹ́gùn, á gbé oògùn tí ẹ pò mọ́ ọn wọlé bí omi, tí ẹ bá wá tú u sílẹ̀ lójijì, amọ̀ á ṣí. O ní tìrẹ kọ̀, kò ṣí, ọ̀gá rẹ sì ní bí kò bá ṣí kí Àjíǹde tó dé, kí o kó ẹrù rẹ.

Orí mi dàrú. Ohun tí kì í ṣe atẹ́gùn, tí kì í ṣe omi, kí ló jẹ́? Mo bi pásítọ̀, ó ní Ọlọ́run nìkan ló mí sínú amọ̀ rí, gbogbo wàhálà wa yìí ló sì tẹ̀yìn rẹ̀ wá. Nítorí náà, bí nǹkan kan bá dìde nínú ìkòkò yẹn, tètè sọ fún un pé kò ní ìpín nínú oko bàbá rẹ. O tún ní tó bá ṣí, á máa mu epo tó bá dà sójú omi. Ta ló ń da epo sómi? Bí epo bá dà sílẹ̀ nílé mi, ṣíbí ni mo fi ń bù ú.

Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. O ní ẹ ń ra èémí náà nínú sílíńdà. Èémí ẹni tí a kò mọ̀, tó lè jẹ́ ti olè, ṣé amọ̀ á ṣílẹ̀kùn fún un? Ìyá mi tó ń mọ ìkòkò kì í fọwọ́ kan amọ̀ bí inú bá ń bí i, torí ìkòkò tí a bá fi ìbínú mọ, ó ń sán lójú iná ni. Mo pinnu pé èémí ilé wa ni màá fi ránṣẹ́. Mo fi eérú fọ kẹ́ẹ̀gì epo mi kan, mo sá a gbẹ, mo gbé e sẹ́nu. Ìgbà yẹn ni mo rántí Charity.

O mọ̀ pé èmi àti Charity, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ, kì í bára wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti sọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé omi wà nínú epo mi. Epo mi! Ìbínú yẹn ṣì wà nínú mi, á sì ba amọ̀ rẹ jẹ́. Mo bá gbé kẹ́ẹ̀gì, mo lọ bá a níbi tó ti ń yan ẹ̀gẹ́ ṣe pupuru. Mo ní n kò wá bẹ̀ ẹ́ o, èémí ni mo wá gbà. Ó ní, ìyálé òun, ṣé omi inú epo náà ló wá gba èémí lẹ́nu mi ni. Mo ní èéfín pupuru ló ba ojú tirẹ̀ jẹ́ tó fi ń rí omi níbi tí kò sí. Mo wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ rẹ. Ó bi mí bóyá o sunkún lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó nu ọwọ́, ó gba kẹ́ẹ̀gì, ó fẹ́ ẹ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú bí ti ọ̀pọ̀lọ́. Bí mo ṣe rí i báyìí, ẹ̀rín gbá mi mú. Òun náà bú sẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì. Èmi náà fẹ́ tèmi sí i kí ẹ̀rín náà tó tán, mo sì fi ọmọrí dé e kíá.

N kò bẹ̀ ẹ́, òun náà kò bẹ̀ mí, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ó fi pupuru lé mi lọ́wọ́, mo sì délé bu epo wá fún un. Ó gbé e sójú oòrùn, ó wò ó, ó ní kò sí omi nínú rẹ̀.

Jethro onímọ́tò ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì náà bọ̀. Ó ní òun ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó gba owó ẹrù. Má ṣí i níta o, ẹnu ìkòkò irin ni kí o ti ṣí i. Fi owó kẹ́ẹ̀gì mìíràn rán Jethro padà, má fi sí báǹkì, ewúrẹ́ yẹn ṣì wà láàyè. Fi nǹkan kún un fún Charity, torí ó ti ń sọ káàkiri pé òun àti ìwọ lẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ náà.

Gbogbo ohun tó pa ara rẹ̀ dé mọ́ ọ, á ṣí. Ọwọ́ rẹ kò ní ṣìṣe, ẹkún rẹ á di ẹ̀rín bíi tiwa. Bí amọ̀ náà bá ṣì kọ̀, gbé e wá sílé, kí ìwọ náà sì máa bọ̀. Èmi àti Charity á fi mọ ìkòkò, kò sì ní sán lójú iná.

Èmi ni,
Ìyé rẹ.