Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ ẹ

Fàthíà,

Mo ti gbé pẹtiróòlù lọ sí Gouka. Ojú ẹ ni mò ń sá fún. Ògì wà nínú fláàsì.

Mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Nàìjíríà ni mí, gbogbo Bantè ní òdìkejì ààlà níbí rò pé mo gbọ́ ọ, ojú wá ń tì mí láti sọ pé rárá. Ohun tí mo kọ́ ẹ lórí gbólóhùn "if", mo kàn ń méfò ni. Má kọ ọ́ sínú ìdánwò ọ̀sán yìí. Sáré lọ bá tíṣà, bó tilẹ̀ ti pẹ́.

Láàárọ̀ yìí mo rí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ẹ tí o fi pamọ́ sábẹ́ ẹní. Òdo ni wọ́n fún ẹ. Tíṣà fi Faransé bi ẹ́ níbẹ̀ pé ta ló kọ́ ẹ. O kọ sábẹ́ ẹ̀ pé èmi bàbá ẹ kọ́ ẹ dáadáa, ìwọ ni kò yé.