Owó Òrùlé Wà Nínú Ẹ̀rọ Ọsibítù

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ara yín le? Ìlú tí ẹ ń gbé ò ní le mọ́ yín, ẹ ò ní fi àárọ̀ ṣiṣẹ́ kí ẹ fi alẹ́ wá oògùn. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan kú.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ tí o bi mí lọ́jọ́ tí a sin ìyá rẹ, pé owó tí o fi ránṣẹ́ fún òrùlé dà, tí mo sì dákẹ́ bí ẹni tó jẹ ẹ́. Mi ò jẹ ẹ́. Inú ẹ̀rọ ló wà.

O mọ̀ pé nígbà tí kíndìnrín ìyá rẹ ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la máa ń lọ sí ọsibítù ìjọba kí wọ́n lè fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo mú ọṣẹ dání, torí wọ́n ní fífọ̀ ni. Nọ́ọ̀sì àgbà gbà á lọ́wọ́ mi, kò rẹ́rìn-ín, ó ní òun á fi fọ ọwọ́ kí òun tó fọwọ́ kan màmá.

Ó wá di ọjọ́ Ajé kan, a débẹ̀, ẹ̀rọ ò dún, ẹyọ kan ṣoṣo yẹn náà ni wọ́n sì ní. Ọ̀gá ọsibítù ní owó ọdún yìí ti tán, àtúnṣe ẹ̀rọ ò sí nínú ohun tí àwọn kọ sílẹ̀ fún ìjọba. Mo bi í pé ṣé ẹ̀rọ náà ò sọ fún wọn ṣáájú pé òun máa bàjẹ́ ni. Ó ní bàbá, kò sọ. Àwa mẹ́fà tí a ní aláìsàn bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ní ká dáwó. Mo lọ gba owó òrùlé lẹ́nu ẹ̀rọ báńkì. Ó kọ ọ́ sójú pé ṣé mo tún fẹ́ nǹkan mìíràn, mo ní kó bá mi gbàdúrà fún ìyá rẹ, kò fèsì, owó nìkan ló pọ̀ jáde.

Ẹnjinníà dé láti ọ̀nà jíjìn, ó tú u, ó ní póńpù ló kú, àfi ká ra tuntun. A tún lọ ń wá owó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ wú, ojú rẹ̀ wú, ó ní kí n má sọ fún ọ, pé wàá lọ yáwó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dákẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀rọ dún.

Lẹ́yìn ìsìnkú, akápò ọsibítù ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n kọ fọ́ọ̀mù kí wọ́n dá owó mi padà, torí aláìsàn mi ò sí mọ́. Níbi tí wọ́n ní kí n kọ ìdí sí, mo bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ ìyá rẹ, àyè ò gbà á, mo kọ ọ́ dé ẹ̀yìn ìwé. Bí mo ṣe fẹ́ fi lé e lọ́wọ́, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ń dún ní yàrá kejì. Mo yọjú. Ìyàwó télọ̀ tó wà lára àwa mẹ́fà tí a dáwó ló wà lórí ibùsùn ìyá rẹ, ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó kí mi pé ẹ kú ìrọ́jú bàbá. Mo béèrè ibi tí owó mi máa ti jáde, akápò ní àwọn márùn-ún tó kù ni yóò pín in san. Télọ̀ sì ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ kan nínú méjì tó ní. Mo ká fọ́ọ̀mù mi, mo kì í bọ àpò.

Ṣùgbọ́n ìpín mi ò tíì pé. Ẹnjinníà tó gba apá kan owó póńpù ṣáájú ní tí èyí tó kù ò bá wọlé kí oṣù tó parí, òun á wá tú póńpù òun lọ. Jọ̀ọ́ ọmọ mi, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́. Orúkọ ìyá rẹ ni mo ní kí wọ́n kọ sórí rìsíìtì.

Kíndìnrín rẹ ò ní dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ ò ní jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù nítorí rẹ. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, aya rẹ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Èmi ni, bàbá rẹ.